Oògùn Tó Mọ Ẹni Tí Yóò Dá Sí

Kò sí ohun tó rọrùn bíi kéèyàn pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Ọṣẹ ìfọṣọ ń pa á. Ògógóró ń pa á. Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun ń pa á lójú ẹsẹ̀. Bí a bá tiẹ̀ gbé àwo náà sílẹ̀ lórí tábìlì, tí ooru tó yẹ kò sí, tí oúnjẹ rẹ̀ sì tán, yóò kú fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi í gbà kí ọmọ iṣẹ́ kankan máa yangàn pé kẹ́míkà òun pa jẹjẹrẹ. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ló dá sí?"

Gbogbo iṣẹ́ tí mo kọ́ ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Iṣẹ́ náà ni ṣíṣe àwọn mólékù kéékèèké tuntun, àti dídán wọn wò lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti ti ojú ìdí. Abúlé kan nítòsí Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó díẹ̀ ni àwọn òbí mi ń gbìn. Láàbù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ wà nínú ìlú Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà Ìwó ni mo ń gbà lọ, òun náà ni mo ń gbà bọ̀.

Ní agbègbè wa, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, ó ti lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ohun dídùn tí a jẹ ló fà á, àgbo ni yóò sì wò ó. Àgbo jẹ̀dí wà ní gáréèjì Mọ́níyà, ó wà ní Òjòó, ó wà lọ́jà Ẹgbẹ́dá, ó sì wà nínú igbá obìnrin tó ń kiri dé oko wa. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń sun ẹ̀jẹ̀, kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní agbo ilé wa, ẹni tí irun orí rẹ̀ kò tíì funfun, mu àgbo jẹ̀dí láti ọdún kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn UCH, àrùn náà ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Yunifásítì ni mo wà nígbà náà tí mo ń kọ́ kẹ́mísírì, tí mo sì rò pé iléeṣẹ́ ọ̀dà tàbí ti ọṣẹ ni n ó ti rí iṣẹ́. Ikú rẹ̀ ló yí ojú mi síbi tí mo wà yìí.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Awọ inú ìfun ńlá kì í pẹ́ gbó. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó á ṣí kúrò, tuntun á sì bọ́ sípò rẹ̀. Jíìnì ló ń pàṣẹ ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò pín àti ìgbà tí yóò dúró. Bí àṣẹ ìdúró bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa pín ṣáá, kókó kékeré á yọ lára ìfun. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, àbùkù mìíràn á tún wọ inú jíìnì mìíràn, kókó náà á wá di jẹjẹrẹ. Ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́wàá kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wa ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Kì í ṣe kòkòrò tó ti ìta wọlé, tó ní ara ọ̀tọ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀ tó lera kéré, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì ni oògùn gbọ́dọ̀ rí.

Wọ́n tún ní kí n mọ ìtàn àrùn náà lọ́dọ̀ wa. Ní 1971, Denis Burkitt, dókítà ọmọ Ireland tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà, nítorí pé oúnjẹ wọn kún fún ewébẹ̀, ẹ̀wà àti ọkà tí wọn kò bó kúnná. Ọ̀rọ̀ yẹn rìn jìnnà, ó sì pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ abẹ wa ń rí i pé àrùn náà ń pọ̀ sí i, pé àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀ wà lára àwọn tó ń kọ lù, àti pé ọ̀pọ̀ ni kì í dé ilé ìwòsàn títí ó fi bọ́ sórí. Ní 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Isaac Alátiṣe ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn dókítà Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ARGO, láti mọ irú jẹjẹrẹ tó ń bá àwọn ènìyàn wa jà gan-an. N ó padà sórí ohun tí wọ́n rí, nítorí ó yí ọ̀nà tí mò ń gbà ṣiṣẹ́ padà.

Bébà àti pẹ́ńsù ni irinṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Ọ̀gá mi ní kí n máa ya mólékù lọ́wọ́, kí n ka átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi ni 5-fluorouracil. Ní 1954, àwọn onímọ̀ kan rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ èkúté ń gba uracil, ọ̀kan nínú èròjà tí ara fi ń ṣe RNA, ju bí ẹ̀dọ̀ tó lera ti ń gbà á lọ. Charles Heidelberger ní Yunifásítì Wisconsin di ìyàtọ̀ yẹn mú. Ó yọ háídírójìn kan ṣoṣo kúrò lára uracil, ó fi fúlórínì rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1957. Ààyè tí fúlórínì ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti háídírójìn lọ, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì kò fura, ó gba mólékù náà wọlé. Nígbà tó dé inú, ó há mọ́ énsáìmù thymidylate synthase. Láìsí iṣẹ́ énsáìmù yìí, sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe DNA tuntun, kò sì lè pín.

Títí di òní, 5-fluorouracil ṣì ni òpó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìfun ńlá káàkiri ayé, pẹ̀lú oxaliplatin tí Yoshinori Kidani ṣe ní Japan ní 1976, àti irinotecan tí orísun rẹ̀ jẹ́ igi kan ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n kí ni 5-fluorouracil dá sí? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá ló ń bá wí: ti ẹnu, ti ìfun tó lera, ti mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbà á fi lè ní egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Ọ̀gá mi fẹ́ràn oògùn náà, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀ wọ́n ní kí n kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán mi, kí n lè mọ ibi tí iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń wá mólékù kékeré ni pé a fẹ́ kí aláìsàn lè gbé e mì, kó gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì níbi tí àbùkù wà. Ní 1997, Christopher Lipinski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Pfizer gbé òfin kan kalẹ̀ tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mọ̀ lórí: bí ìwọ̀n mólékù bá ti ju 500 lọ, tó bá fẹ́ràn ọ̀rá jù, tàbí tí ibi tó ti ń di omi mú bá pọ̀ jù, ó ṣòro kó gba ẹnu wọ ara. Òfin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àwọn oògùn rere kan wà lóde rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìfẹ́ asán, torí mólékù tó wuyì lórí bébà lè má kúrò nínú ikùn láéláé.

Lẹ́yìn bébà ni mo dé ìdí igi. Ibí yìí ni inú mi ti dùn jù, nítorí ìlú wa ti ní orúkọ nínú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ní 1960, nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ University College, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ibẹ̀, A. Akisanya, C. W. L. Bevan, D. A. H. Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn igi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n yọ mólékù kan láti ara igi Entandrophragma, èyí tí àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní gedu nohor, wọ́n sì fún mólékù náà lórúkọ rẹ̀: gedunin. Ó wà nínú èso dongoyaro pẹ̀lú, ó sì wà lára ọ̀gánwó tí àwọn àgbà wa ń bó èèpo rẹ̀ fi se àgbo ibà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 482; ó kéré ju ààlà Lipinski lọ díẹ̀.

Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé gedunin ń da iṣẹ́ Hsp90 rú. Purotéènì ni Hsp90, òun ló ń mú kí àwọn purotéènì mìíràn dúró ní ìrísí tó yẹ wọ́n, jẹjẹrẹ sì gbára lé e gan-an nítorí pé purotéènì alábùkù pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2007, ìwádìí mìíràn fi hàn pé gedunin ń dá ìdàgbà Caco-2, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá, dúró nínú àwo. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Kansas bẹ̀rẹ̀ sí í yí apá kọ̀ọ̀kan gedunin padà láti mọ apá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ lára igi ní Ìbàdàn ti di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀, èmi náà sì kọ́ lára rẹ̀.

Bàbá tó ni oko ọ̀gánwó tí a ti ń gba èèpo ló kọ́ mi bí a ṣe ń bó o. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí n bó, kí n má bó o yí ká, kí igi lè sàn. A máa ń sá èèpo náà síbi tí òjìji wà, torí oòrùn líle lè ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. A ó lọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú methanol, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì jẹ́ kí methanol fẹ́ lọ. Ohun tó kù á máa lẹ̀ bí ọ̀dà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ mólékù ló sì pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. A ó wá dà á sórí ìyẹ̀fun silica nínú túùbù gígùn, a ó máa fi oríṣiríṣi omi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí mólékù kọ̀ọ̀kan lè jáde ní àkókò tirẹ̀. Ojú ni a fi ń mọ iṣẹ́ yìí, àti sùúrù. Ẹni tó bá kánjú yóò gba mẹ́ta pọ̀ nínú ìgò kan, yóò máa pè é ní ọ̀kan.

Nígbà tí mo lè yọ mólékù kan mímọ́, ọ̀gá mi gbà kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Òfin ibẹ̀ kò ní àbùlà: ibì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá pààrọ̀ ibì méjì pọ̀, tí mólékù náà bá lágbára sí i, n kò ní mọ èyí tó ṣe é. Mo lè fi ọ́síjìn kan kún un, mo lè sọ ìdè méjì kan di ẹyọ kan, mo lè so èròjà kékeré mọ́ etí rẹ̀ kó lè yọ́ nínú omi. Lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, a ó tún ṣe gbogbo àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó sì kùnà ń kọ́ni bí èyí tó yege, torí ó ń fi ibi tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn hàn.

Apá kan iṣẹ́ náà, abúlé ni mo ti ń ṣe é lóru. Láti 1971 ni àkójọ àwòrán purotéènì kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Protein Data Bank, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo èèyàn. Ètò AutoDock Vina, tó jáde ní 2010, náà kì í gbowó. Mo ní kọ̀ǹpútà àgbélétan àti sólà kékeré lórí páànù. N ó gbé àwòrán purotéènì sílẹ̀, n ó gbé mólékù tí mo yà sí i, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò bí wọ́n ṣe lè so mọ́ra. Nọ́ńbà tó máa ń mú jáde lè dùn mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kọ́ mi láti mọ bí mo ṣe máa kà á: kọ̀ǹpútà ń dámọ̀ràn ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni. Kò mọ̀ bóyá mólékù náà yóò yọ́ nínú omi, kò mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ dà, kò sì mọ iye purotéènì mìíràn tó lè lọ so mọ́ nínú ara. Ọ̀pọ̀ ìwádìí lọ́dọ̀ wa ló ń dúró síbẹ̀ nítorí àìsí owó. Ó ń dùn mí, torí ẹni tó ṣe é ti ṣiṣẹ́ gidi, ibi tí ìdáhùn wà gan-an ni kò tíì lè dé.

Nítorí owó náà ni a fi ń lo àwọn àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kí a tó kan sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan ni ti ọkà bàbà, tí àwọn onímọ̀ oògùn ní Nàìjíríà ti ń lò tipẹ́. A ó to hóró rẹ̀ sórí òwú tútù nínú àwo, a ó da kẹ́míkà náà sí i ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, a ó gbé e síbi tó ṣókùnkùn, a ó sì máa fi rúlà wọn gbòǹgbò tó ń yọ láràárọ̀. Orí gbòǹgbò tuntun kún fún sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá, nítorí náà ohun tó ń dá ìpín sẹ́ẹ̀lì dúró yóò mú kí gbòǹgbò kúrú. Èkejì ni ti àwọn ẹ̀dá inú omi iyọ̀ tó dà bí edé wínníwínní, tí à ń pa ẹyin wọn, tí a sì ń ka iye tó kú lẹ́yìn wákàtí 24. Àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ń sọ fún wa pé ohun kan wà nínú ìgò yìí. Wọn kò lè sọ fún wa pé oògùn ni.

Sẹ́ẹ̀lì ni ilé ẹ̀kọ́ tó le jù. Inú ínkúbétọ̀ ni wọ́n ń gbé, ní ìwọ̀n ooru 37, oúnjẹ wọn sì gbọ́dọ̀ yí padà ní àsìkò. Bí iná bá lọ, a ó sáré tan jẹnẹrétọ̀. Bí kòkòrò àìfojúrí kan bá ti ọwọ́ wa bọ́ sínú ìgò, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwo oníhò 96 ni a ń pín wọn sí, a ó fi kẹ́míkà sí wọn, a ó dúró fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó wá kán MTT sí i. Tim Mosmann ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1983. MTT pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè yóò sọ ọ́ di aró elésè-àlùkò, èyí tó ti kú kò ní lè ṣe é. Ẹ̀rọ á ka bí àwọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó, a ó sì mọ ìwọ̀n kẹ́míkà tó ń dá ìdajì sẹ́ẹ̀lì dúró.

Ọwọ́ lásán kò tó níbí, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lè tan òun jẹ. Mólékù láti inú ewé àti èèpo máa ń ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọn kan sì lè yí MTT padà láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Nítorí náà a máa ń fi ihò kan sílẹ̀ tó jẹ́ kẹ́míkà nìkan, òmíràn á jẹ́ sẹ́ẹ̀lì àti omi DMSO tí a fi yọ́ kẹ́míkà náà, òmíràn á gba 5-fluorouracil kí a lè fi tiwa wé oògùn tí ayé ti mọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àwo kejì tí a ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jẹjẹrẹ: sẹ́ẹ̀lì ìfun tó lera. Ìwọ̀n kan náà ni a ó fún wọn, lọ́jọ́ kan náà. Bí mólékù mi bá dá ìdajì jẹjẹrẹ dúró, tó sì dá ìdajì sẹ́ẹ̀lì tó lera náà dúró ní ìwọ̀n yẹn, a ó pa ìwé dé. Ọ̀pọ̀ mólékù ni mo ti sin síbẹ̀, àti èyí tí mo fẹ́ràn gan-an.

Bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ ti rí oògùn jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. A ṣì ń wá a."

"Kí ló wá ń pẹ́ yín tó báyìí? Ṣebí ẹ lóògùn tó ń pa á?"

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ máa ń fín sóko àgbàdo tó ti hù?"

"Atrazine ni."

"Kí ló dé tí ẹ kì í fín paraquat sí i?"

"Háà! Ṣé kí n fọwọ́ ara mi pa àgbàdo mi ni?"

Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. Àlàyé mi tán nìyẹn. Mólékù kékeré ni àwọn méjèèjì. Paraquat ń pa ewé tútù èyíkéyìí tó bá kàn, ó sì burú fún èèyàn débi pé NAFDAC ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Atrazine ń dí ọ̀nà tí ewé fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ di agbára, ṣùgbọ́n àgbàdo ní énsáìmù kan tó ń so atrazine mọ́ èròjà glutathione kó tó lè ṣe é ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ èpò kò ní irú énsáìmù bẹ́ẹ̀ tó. Énsáìmù kan yìí ló gba àgbàdo sílẹ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín jẹjẹrẹ àti ìfun ni à ń wá, ó sì ṣòro ju ti oko lọ, nítorí èpò àti àgbàdo kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni jẹjẹrẹ àti ìfun.

Ibi tí iṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀ ti wúlò nìyí. Ní 2021, àwọn ARGO tẹ àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications. Wọ́n yẹ jíìnì jẹjẹrẹ ìfun ńlá àwọn ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n fi wé ti àwọn aláìsàn tí Memorial Sloan Kettering tọ́jú. Irú èyí tí agbára àtúnṣe DNA rẹ̀ ti bàjẹ́ jẹ́ ìdá 28.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ wa, ó sì jẹ́ 8.5 lọ́dọ̀ tiwọn. Nínú àwọn yòókù, àbùkù jíìnì APC, tí ìwé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, jẹ́ 39.1 lọ́dọ̀ wa sí 76.0 lọ́dọ̀ tiwọn. Àbùkù ní ọ̀nà RAS sì jẹ́ 76.1 lọ́dọ̀ wa sí 59.6 lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀gá mi tẹ ìwé náà jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàbù. Títí di ìgbà náà, àwọn mólékù kan wà tí à ń fojú sùn ní ọ̀nà tí APC ń ṣọ́. Láti ọjọ́ yẹn, RAS ni wọ́n ní kí n kọjú sí. Wọ́n sì ní kí HCT116 jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí n ó kọ́kọ́ máa lò, dípò HT-29 tó pọ̀ nínú ìwé, torí HCT116 ní àbùkù KRAS, ọ̀kan nínú àwọn RAS, agbára àtúnṣe DNA rẹ̀ sì ti bàjẹ́. HT-29 kò ní àbùkù KRAS.

KRAS yìí, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ayé fi gbà pé mólékù kankan kò lè rí ibi dì mú lára rẹ̀. Ní 2013, Kevan Shokat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco rí kòtò kékeré kan lára KRAS tó ní àbùkù G12C. Àbùkù náà gbé átọ́ọ̀mù imí-ọjọ́ kan síbi tí irú rẹ̀ kò sí lára KRAS ẹni tó lera. Wọ́n ṣe mólékù tó ń so mọ́ imí-ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sì ṣí ọ̀nà fún sotorasib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021 fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní 2025 pẹ̀lú panitumumab fún ti ìfun ńlá. Bí mo bá ń ka ìtàn yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn mi, mo máa ń dúró lórí átọ́ọ̀mù yẹn. KRAS tó lera kò ní in, nítorí náà oògùn náà mọ ẹni tí yóò dá sí. Ṣùgbọ́n G12C kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ìfun ńlá lọ. Iṣẹ́ pọ̀ tó kù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é.

Ohun tí mo ní nínú fíríìjì láàbù lónìí kì í ṣe oògùn. Mólékù díẹ̀ ni, tí wọ́n ń dá jẹjẹrẹ dúró nínú àwo ní ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì tó lera ṣì ń fara dà. Èkúté ló kàn, lẹ́yìn náà ìwádìí májèlé, lẹ́yìn náà èèyàn ní ìpele mẹ́ta. Ó sábà máa ń ju ọdún mẹ́wàá lọ, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó bá dé ọ̀dọ̀ èèyàn ni kì í sì í yege. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ará abúlé mi láìfi bò, torí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó de mólékù mi. Kó lọ sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹni tó ń rù láìnídìí, tàbí ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní in rí. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ wà tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí, ẹ̀rọ oníkámẹ́rà sì wà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, tí wọ́n sì lè fi gé kókó náà kúrò kó tó di jẹjẹrẹ. Kò sí mólékù kankan, tèmi tàbí ti Amẹ́ríkà, tó dára tó kéèyàn gé kókó náà lásìkò.

Ní tiwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. HCT116, HT-29 àti Caco-2 kò ti ara àwọn ènìyàn wa wá, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ti fi hàn pé àbùkù inú jẹjẹrẹ tiwa ní ọ̀nà tirẹ̀. A nílò sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláìsàn, láti ara jẹjẹrẹ àwọn ará Lágelú, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn, tí ọmọ iṣẹ́ èyíkéyìí sì lè rí gbà. A nílò iná tí kì í lọ fún ínkúbétọ̀ tí yóò gbé wọn. Àwọn igi wà, àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ wà, ètò kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ìjọba, yunifásítì àti àwọn ọlọ́rọ̀ wa bá lè pèsè èyí tó kù, mólékù tí a bá ṣe níbí yóò mọ jẹjẹrẹ tó ń pa wá, yóò sì mọ ara wa tó yẹ kó dá sí.